Ẹ Má Jẹ́ Kí Ariwo Ẹ̀rọ Gba Etí Yín

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Bí ariwo ṣe ń ba etí jẹ́ nìyẹn: ẹ̀jẹ̀ kì í jáde, kì í sábà dunni, a kì í sì í tètè fura.

Ẹ yà síbi tí wọ́n ti ń lọ ẹ̀gẹ́ tàbí ata ní Ìkọ̀lé-Èkìtì. Obìnrin tó ń da ẹ̀gẹ́ sẹ́nu ẹ̀rọ lè pọn ọmọ sẹ́yìn; bí oníbàárà bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, àfi kó fẹnu kàn án létí. Ibi tí a bá ti ní láti pariwo kí ẹni tó wà nítòsí tó gbọ́ wa, ariwo ibẹ̀ ti tó 85 lórí ìwọ̀n ariwo tí wọ́n ń pè ní dẹ̀síbẹ̀lì. Àwọn onímọ̀ ní kí èèyàn má lò ju wákàtí 8 lọ nínú rẹ̀ lóòjọ́. Tó bá di 88, wákàtí 4. Tó bá di 91, wákàtí 2 péré. Ayùn ẹlẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń la gẹdú sábà ń kọjá 100, níbi tí ìṣẹ́jú 15 ti tó.

Nínú etí lọ́hùn-ún, ihò kan wà tó ká bí ìkarahun ìgbín, omi kún inú rẹ̀. Irun tín-ín-tìn-ìn-tín tó wà níbẹ̀ ló ń bá wa mú ìró. Ariwo ń ṣẹ́ wọn, èyí tó bá sì kú kì í hù mọ́. Àwọn tó ń mú ìró tín-ín-rín ló sábà ń kọ́kọ́ lọ. Ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ṣì ń gbọ́ bí ohùn ṣe ń lọ sókè sódò, àmọ́ “sá a” àti “fá a” ti di ọ̀kan náà létí rẹ̀. Yóò máa ní àwọn ọmọ ń kùn lẹ́nu. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá ń pe irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ ní olóríkunkun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni ẹ̀rọ, ẹ fi sailẹ́ńsà síbi tí èéfín ń gbà jáde, kẹ́ ẹ mọ ògiri sáàárín ẹ́ńjìnnì àti òṣìṣẹ́. Ẹ ra ìdíetí onífóòmù fún wọn. Òwú lásán kò dí ariwo. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọmọ fún ẹlòmíràn kẹ́ ẹ tó dé ìdí ẹ̀rọ. Ọmọ kò tíì lẹ́nu tí yóò fi sọ pé ariwo pọ̀ jù. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì tẹ́ ẹ ń gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́nu fèrèsé, ẹ gbé e jìnnà. Èéfín rẹ̀ tiẹ̀ ń pààyàn kí ariwo tó ṣe tirẹ̀.

Bí etí bá ń hó lẹ́yìn iṣẹ́, tí kò sì lọ lọ́jọ́ kejì, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì, wọ́n ní ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun. Ẹ sọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń ṣe fún dókítà, àti iye ọdún tẹ́ ẹ ti lò nídìí rẹ̀. Ẹ má kán àdín sí etí: awọ etí wà láàárín, àdín kò lè dé ibi tí irun wọ̀nyẹn wà.