Báírò pupa àti ẹni tí a ń jẹ́ iṣẹ́ fún

Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Kò sí àgbà Yorùbá tí kò mọ ibi tí òwe yìí forí lé, n kò sì ní dá ẹnikẹ́ni dúró lórí ìtumọ̀ rẹ̀. Ìwé ìṣirò ọmọdé kan ló mú kí n máa rò ó láti ọjọ́ mélòó kan wá, inú mi kò sì tíì rọ̀.

Ọmọ aládùúgbò wa ló ni ìwé náà, ọmọ kíláàsì kẹrin ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní kí n bá òun mójú tó iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ kí òun tó ti ọjà dé. Mo ṣí ìwé náà padà sẹ́yìn kí n lè mọ ibi tí wọ́n bá ẹ̀kọ́ dé. Ìdá ni wọ́n ń rò pọ̀. Ìbéèrè kìn-ín-ní: 1/2 + 1/3. Ọmọ kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba pé 2/5. Báírò pupa fàmì sí i pé ó gbà á. Ìkejì: 1/4 + 1/2. Ó kọ 2/6. Báírò pupa tún fàmì sí i. Mẹ́wàá ni ìbéèrè tó wà níbẹ̀. Nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, òkè ni ó ń rò mọ́ òkè, ìsàlẹ̀ ni ó ń rò mọ́ ìsàlẹ̀, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni tíṣà sì sọ pé ó gbà. Nísàlẹ̀ ojú ìwé, wọ́n kọ 10/10, wọ́n kọ "Very Good" tẹ̀ lé e, wọ́n kọ ọjọ́, wọ́n sì buwọ́ lù ú.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ìdajì ló wà lọ́wọ́ ọmọ yìí. Wọ́n fi ìdá kan nínú mẹ́ta kún un. Ìdáhùn rẹ̀ wá di ìdá méjì nínú márùn-ún, bẹ́ẹ̀ ìdá méjì nínú márùn-ún kò tó ìdajì tó kọ́kọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá gé ìdajì búrẹ́dì fún un, tí ẹ tún gé ìdá kan nínú mẹ́ta kún un, tó wá rí i pé ohun tó kù lọ́wọ́ òun kò tó ìdajì mọ́, igbe ni yóò fi bọnu. Ó mọ̀ ọ́n nídìí búrẹ́dì, kò mọ̀ ọ́n nínú ìwé, iṣẹ́ tíṣà gan-an sì ni láti so méjèèjì pọ̀ fún un. Kí ìsàlẹ̀ wọn lè bára mu, a ó sọ ìdajì di 3/6, a ó sọ ìdá kan nínú mẹ́ta di 2/6, a ó wá ro òkè nìkan pọ̀, ó di 5/6. Àlàyé rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún.

N kò bá ọmọ náà wí, àṣìṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kò sí olùkọ́ ìṣirò tí kò tíì rí irú àṣìṣe yìí rí, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń gba ibẹ̀ kọjá nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ pàdé ìdá. Àmì pupa yẹn ló dùn mí. Àmì yẹn sọ fún un pé ọ̀nà tó gbà dára, kó máa bá a lọ. Yóò sì máa bá a lọ lóòótọ́. Yóò gbé e dé ilé-ẹ̀kọ́ girama, níbi tí lẹ́tà ti máa ń gbapò nọ́ńbà. Wọn yóò ní kó ro 1/x pọ̀ mọ́ 1/y, yóò sì kọ 2/(x + y) láìṣiyèméjì, nítorí wọ́n ti fún un ní 10/10 lórí rẹ̀ rí. Nígbà tí ìdánwò WAEC bá fi máa dé, ẹlòmíràn ni yóò máa kọ́ ọ, onítọ̀hún kò sì ní mọ ibi tí nǹkan ti wọ́ wá. Yóò kàn ní orí ọmọ yìí kò gba ìṣirò. Ọmọ náà yóò gbà bẹ́ẹ̀. Mélòó nínú àwa àgbàlagbà tí a máa ń sọ fáyé gbọ́ pé ìṣirò kò sí nínú ìran wa ló jẹ́ pé irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ nìkan ló ṣe wá?

Ta wá ni tíṣà yẹn ń máàkì ìwé fún? Kì í ṣe ọmọ. Ẹni tó rán an níṣẹ́ ni. Ẹ lọ wo bí wọ́n ti ń yẹ iṣẹ́ olùkọ́ wò ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yóò ní kí wọ́n kó ìwé ọmọ wá sí ọ́fíìsì. Àwọn ínsípẹ́kítọ̀ náà yóò dé lọ́jọ́ tiwọn. Wọn yóò ṣí ìwé gbà-gbà-gbà: ṣé wọ́n kọ ọjọ́ sókè? Ṣé iṣẹ́ pé iye tó yẹ kó pé? Ṣé wọ́n máàkì rẹ̀? Pupa ni ojú wọn ń wá. Bí pupa bá ti wà níbẹ̀, ó ti parí nìyẹn. Kò sí ẹni tí yóò jókòó ro ẹyọ ìbéèrè kan kó mọ̀ bóyá òótọ́ ni pupa náà sọ. Ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, òmíràn tún kún un: òbí tó san owó gọbọi kò fẹ́ rí àmì pé ọmọ òun kò gbà á. Bó bá rí i, ó di ẹjọ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ni ilé-ẹ̀kọ́, ẹni tó ni ilé-ẹ̀kọ́ yóò sì yí ojú pupa sí tíṣà. Tíṣà tó ti jẹ ìyà irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní fẹ́ jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó bẹ̀rù ẹni tó rán an níṣẹ́, ó bẹ̀rù ẹni tó ń sanwó. Ọmọ tí iṣẹ́ náà tọ́ sí nìkan ni kò bẹ̀rù.

Mo mọ ohun tí àwọn olùkọ́ yóò fi dá mi lóhùn, òótọ́ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ní kí ọmọ tí yóò wà lọ́wọ́ olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan má ju 35 lọ. Ẹ wọ ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nínú àwọn ìlú ńláńlá wa, ẹ óò bá ọgọ́ta, ẹ óò bá àádọ́rin nínú yàrá kan ṣoṣo. Bí olùkọ́ bá lo ìṣẹ́jú méjì péré lórí ìwé kan, ọmọ 35 yóò gbà á ní ìṣẹ́jú 70. Ọmọ 70 yóò gbà á ní ìṣẹ́jú 140, ìyẹn ju wákàtí méjì lọ, lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan náà ló ń kọ́ wọn ní èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ yòókù. Èrò àpọ̀jù yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ ṣílẹ̀kùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn lọ́jọ́ 17, oṣù kìn-ín-ní, 1955, àwọn ọmọ ya wọ ilé-ẹ̀kọ́ bí omi, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n sì fi ṣe olùkọ́ fún wọn ni kò tíì gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ kankan.

Ní ti owó oṣù, inú máa ń bí mi bí ènìyàn bá ní èrè olùkọ́ ń bẹ lọ́run. Kí ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ san èyí tó jẹ ẹ́ láyé ná. Àmọ́ bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ, kò sì sí owó oṣù tó kéré débi pé a ó torí rẹ̀ parọ́ fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ìwé tí apá kò bá ká, ẹ má máàkì rẹ̀. Ìwé tí kò ní àmì kankan nínú, ọmọ mọ̀ pé wọn kò tíì wò ó. Èyí tí wọ́n fàmì sí láìkà á, ọmọ gbà á gbọ́. Láàárín méjèèjì, èyí tí kò ní àmì kò pa á lára.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí lọ́wọ́ tíṣà kan ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kan nílùú Ìbàdàn, ìyá àgbà kan báyìí tí iṣẹ́ kò sú. Ọmọ tó wà nínú kíláàsì rẹ̀ lé ní ọgọ́ta. Ìyá yìí kì í kó ìwé lọ sílé. Bí àwọn ọmọ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ, yóò mú báírò pupa, yóò máa rìn láàárín àga. Ìbéèrè kìn-ín-ní nìkan ni yóò kọ́kọ́ máa wò. Bó bá rí àṣìṣe kan náà níwájú ọmọ mẹ́ta, kò ní dé ọ̀dọ̀ ìkẹrin, yóò ní, "Gbogbo yín, ẹ gbé báírò sílẹ̀." Yóò kọ àṣìṣe yẹn sójú pátákó láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, yóò sì bi wọ́n ní Yorùbá pé, "Èwo ló pọ̀ jù nínú ohun tí a ní tẹ́lẹ̀ àti ohun tí a ní báyìí?" Ẹ̀rín ni wọn yóò bú sí, nítorí wọ́n ti rí i fúnra wọn.

Ìlà márùn-ún ni àga kíláàsì náà. Ìwé ìlà kan ni ìyá yìí ń gbà lójúmọ́, nǹkan bí ìwé méjìlá tàbí mẹ́tàlá, ó sì ń kà á tán kí agogo ìparí tó lù. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ bá fi máa parí, kò sí ọmọ tí ojú ìyá yìí kò kan ìwé rẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Ìwé ìlà mẹ́rin tó kù, àwọn ọmọ yóò pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ara wọn, wọn yóò fi pẹ́ńsù yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ìdáhùn ojú pátákó. Pẹ́ńsù ni, kì í ṣe pupa. Pupa jẹ́ ti ẹni tó ti kà á. Bí ọmọ kò bá gbà á, tíṣà yìí kì í fàmì "kò gbà" kó sì kọjá lọ, yóò yí báírò ká ibi tí ẹsẹ̀ ti yẹ̀ gan-an, yóò sì kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i. Mo ka ọ̀kan nínú wọn: "Wo ìsàlẹ̀. Ṣé wọ́n bára mu?" Lọ́jọ́ kejì ọmọ yóò ṣàtúnṣe sábẹ́ rẹ̀, ìyá yìí yóò sì wo àtúnṣe náà kí iṣẹ́ tuntun tó bẹ̀rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, Yorùbá ló fi kọ ọ́, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Nílé-Ifẹ̀, láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn níbì kankan, wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Ẹ wá bi ara yín pé ta ni wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ "Very Good" inú ìwé ọmọ aládùúgbò wa yẹn fún.

Ohun mìíràn tún wà tí ìyá yìí mọ̀, tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbàgbé. Báírò pupa ń yẹ olùkọ́ fúnra rẹ̀ wò. Bí ogójì ọmọ nínú ọgọ́ta bá ṣi ohun kan náà, ẹ̀kọ́ àná ni kò yé wọn, ó sì yẹ kí wọ́n tún un kọ́. Ṣùgbọ́n tíṣà tó fàmì sí gbogbo rẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Kò lè mọ̀ láéláé pé òun kò kọ́ wọn.

Nítorí èyí ni mo fi ń bá òwe yẹn jiyàn. Ó dára fún ẹni tí wọ́n rán sí alágbára, kí ojora má baà mú un kó sì yí ọ̀rọ̀ padà. Alágbára lè na òjíṣẹ́, ó lè lé e. Ọmọ kíláàsì kẹrin kò lè na ẹnikẹ́ni. Kò lè fẹjọ́ sùn, nítorí kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Níbi tí ẹni tí a ń jẹ́ iṣẹ́ fún kò bá ti lẹ́nu ọ̀rọ̀, òun gan-an ló yẹ ká bẹ̀rù jù. Lórí èyí, òwe àwọn baba wa kò bá ilé-ẹ̀kọ́ mu, mo sì sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kì í ṣe ìwé ìṣirò nìkan náà. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọn kì í fọ̀ àfi bí àlejò bá ń bọ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀, láíbúrárì tí wọ́n tì pa kí ìwé inú rẹ̀ lè máa dán, ẹ̀rọ lábọ́ tó ṣì wà nínú páálí rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin: ẹni tó rán wọn níṣẹ́ ni àwọn tó ń ṣe gbogbo èyí ń bẹ̀rù.

Ẹ tún wo iye ọmọ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn lọ́wọ́ tíṣà kan ṣoṣo. Òfin àpapọ̀ tí wọ́n buwọ́ lù ní 2022 fàyè gba olùkọ́ láti lo 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́, tàbí kó pé ẹni ọdún 65. Ká ní ọmọ 35 péré ló ń gbà lọ́dún, ọmọ 1,400 ni yóò gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ yéé ka iye ìwé tí wọ́n ti máàkì. Ẹ fa ẹyọ kan yọ nínú òkìtì náà, ẹ jókòó, ẹ ro ìbéèrè mẹ́ta inú rẹ̀ fúnra yín, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn tíṣà yín mọ̀ pé ohun tí ẹ ó máa ṣe nìyẹn láti ìsinsìnyí lọ. Bí tíṣà bá wí fún yín pé òun kò lè ka ju ìwé mẹ́tàlá lọ lóòjọ́, ẹ gbà fún un. Ẹ̀yin òbí, ẹ má torí àmì "kò gbà" bá tíṣà jà mọ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó kà á. Lálẹ́ òní, kí ọmọ yín tó sùn, ẹ gba ìwé ìṣirò rẹ̀, ẹ fọwọ́ bo pupa tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì ka ohun tí ọmọ kọ.