Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: GBÍGBÀGBÉ ÌYÀ ÀTẸ̀HÌNWÁ

Ibi kíkà: Gẹ́nẹ́sísì 41:46-52, Fílípì 3:7-14.

Ẹ̀nyin olùfẹ́ nínú Olúwa, àwọn baba wa a máa wípé, bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kì yíò rí ẹni bá ṣeré. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbìyànjú láti gbàgbé, kò sì ṣe é ṣe. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú, ẹni tí ará ilé gba ilẹ̀ baba rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, opó tí a fi ìyà jẹ, báwo ni nwọn yíò ti ṣe gbàgbé? Nígbàtí ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò lí ọkàn wọn, nwọn a rò pé ìgbàgbọ́ àwọn kò pé. Àwọn ẹlòmíràn a tilẹ̀ fi ilé Ọlọ́run sílẹ̀. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a wádìí ohun tí Ìwé Mímọ́ npè ní gbígbàgbé.

Jósẹ́fù sọ àkọ́bí rẹ̀ ní Mánásè, nítorí Ọlọ́run ti mú u gbàgbé ìṣẹ́ rẹ̀. Ẹ kíyèsí i: nígbàkúgbà tí ó bá pe ọmọ náà, orúkọ náà nrán an létí ohun tí ó wípé òun ti gbàgbé. Nígbàtí ó sì fi ara rẹ̀ hàn fún àwọn arákùnrin rẹ̀, ó sọkún tóbẹ́ẹ̀ tí àwọn ará Égíptì fi gbọ́. Kò gbàgbé ihò tí nwọ́n sọ ọ́ sí. Ṣùgbọ́n kò gbẹ̀san, ó sì bọ́ wọn nígbà ìyàn. Gbígbàgbé tirẹ̀ ni pé ìyà náà kò jọba lórí rẹ̀ mọ́.

A rí irú rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Lí ọdún 1821 ni a kó ìlú Òṣoògùn, a sì mú ọmọdékùnrin kan tí a npè ní Àjàyí lí ẹrú. A tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. A fi í pàrọ̀ ẹṣin. Ìbànújẹ́ rẹ̀ pọ̀ tóbẹ́ẹ̀ tí ó fi gbèrò láti pa ara rẹ̀. Lí ọdún 1822 ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, a sì gbé e lọ sí Sàró. Lí ọdún 1825 a baptísí rẹ̀ ní Samuel Crowther. Nínú ìwé tí ó kọ lí ọdún 1837, ó wípé ọjọ́ tí a kó òun jẹ́ ọjọ́ ìbànújẹ́ tí òun kì yíò gbàgbé láíláí. Síbẹ̀ a ti kọ́ òun láti máa pè é ní ọjọ́ ìbùkún pẹ̀lú. Lí ọdún 1846 ó dé Abẹ́òkúta bí àlùfáà, kì íṣe láti wá àwọn tí ó tà á, bíkòṣe láti wàásù. Níbẹ̀ ni ó sì ti tún rí ìyá rẹ̀, lẹ́hìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀dọ́gbọ̀n. A baptísí ìyá náà lí ọdún 1848.

Ìyà kò sì tán síbẹ̀. Lí ọdún 1890, nígbàtí ó ti di Bíṣọ́pù láti ọdún 1864, tí ó sì ti darúgbó, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó fi ẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní Odò Ọya, nwọ́n sì dá nínú wọn dúró láìka ọlá rẹ̀ sí. Ó dùn ún gidigidi, ṣùgbọ́n kò fi Ìjọ sílẹ̀. Lẹ́nu iṣẹ́ Olúwa ni ó wà títí ó fi sùn lí ọjọ́ 31 oṣù Dìsẹ́mbà, 1891.

Kí ni a rí kọ́? Èkíní, kí a má ṣe pe ibi ní ire, kí a má sì dù opó ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ nípa wíwípé kí ó gbàgbé. Èkejì, kí a sọ ìrora wa fún Ọlọ́run, kí a má ṣe fi pamọ́ bí ọfà fún ọjọ́ ẹ̀san. Ẹ̀kẹta, kí a ṣe iṣẹ́ òní. Ẹni tí nkọ ebè tí ó nwo ẹ̀hìn, ebè rẹ̀ yíò wọ́. Pọ́ọ̀lù mọ ohun tí ó wà lẹ́hìn rẹ̀, ó tilẹ̀ kà á lẹ́sẹẹsẹ. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà ní iwájú.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ẹ̀kọ́:
1. Ìyà wo ni ó ṣì njọba lórí wa?
2. Iṣẹ́ wo ni a ti pa tì nítorí rẹ̀?
3. Ta ni ó wà láàrin wa tí a ti sọ fún pé kí ó gbàgbé, tí a kò sì ràn lọ́wọ́?

Kí Olúwa fún wa ní agbára láti fara dà á títí dé òpin. Àmín.