Fọ́tò Inú Fóònù Kì í Ṣe Ti Fóònù

*Bowie ní Maryland ni mò ń gbé. Lóṣù tó kọjá, mo fi láísẹ́ǹsì ọkọ̀ mi sínú Apple Wallet, pọ́ọ̀sì inú fóònù mi. Fóònù ní kí n ya ojú ara mi, kí n yí orí síbí sọ́hùn-ún, mo ṣe é. Ṣùgbọ́n ní pápákọ̀ òfurufú, òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ wo ojú mi, ó wo ẹ̀rọ iwájú rẹ̀, ó tún wo ojú mi. Fọ́tò ìgbà tí mo wà nínú oyún ló ń wò, tí ojú mi wú bí àkàrà! Àwọn ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́fà. Fọ́tò tuntun tí mo yà dà? Báwo ni mo ṣe lè pààrọ̀ ti àtijọ́?* — Ìyá Ìbejì

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ o. Fọ́tò tí ẹ yà lọ́jọ́ náà kò sọnù. Ẹ̀rí lásán ni wọ́n fi ṣe. Fóònù fi í ránṣẹ́ sí MVA, àjọ tó ń ṣe láísẹ́ǹsì ní Maryland, kí wọ́n lè fi í wé èyí tó wà lọ́wọ́ wọn, kó sì dá wọn lójú pé kì í ṣe olè ló di fóònù mú. Wọ́n gbà pé ẹ̀yin ni, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Èyí tó wọ inú láísẹ́ǹsì ni fọ́tò tí wọ́n fúnra wọn yà yín ní ọ́fíìsì.

Ẹ kò lè pààrọ̀ rẹ̀ fúnra yín. Nínú ìlànà ISO/IEC 18013-5, ìlànà àgbáyé fún láísẹ́ǹsì inú fóònù, tó jáde ní 2021, kọ̀ǹpútà ìjọba á ṣírò nọ́ńbà gígùn kan láti inú fọ́tò náà, wọ́n á sì fi òǹtẹ̀ tiwọn lù ú. Bí ẹnì kan bá fọwọ́ kan fọ́tò náà bó ti wù kó kéré mọ, ìṣirò náà kò ní bára mu mọ́, ẹ̀rọ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò á sì kọ̀ ọ́. Ó sì dára bẹ́ẹ̀. Bí kálukú bá lè fi ojú tó wù ú síbẹ̀, ọmọ ọdún 17 á ti di ẹni 25 kí ilẹ̀ Sátidé tó ṣú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: káàdì inú pọ́ọ̀sì yín náà, fọ́tò kan náà ló gbé. Ẹ kàn ti bá a mọ́ra ni. Láísẹ́ǹsì Maryland lè lo ọdún mẹ́jọ, òfin REAL ID ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà sì gbà kí fọ́tò kan pẹ́ tó ọdún 16. Ọmọ tí ẹ pọ̀n lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n yà yín á ti máa kọ́ ọkọ̀ wíwà!

Ọ̀nà tó wà ni pé kí ẹ gba àyè lọ́dọ̀ MVA, kí ẹ lọ sí Largo tàbí Beltsville, kí ẹ ní ẹ fẹ́ káàdì tuntun tó ní fọ́tò tuntun. Ẹ fi gèlè sílé. Wọ́n máa ń yọ̀ǹda fún ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ ní kó borí. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má sì wọ wíìgì ọjọ́ ayẹyẹ lọ. Ojú tí ẹ ń gbé lọ síbi iṣẹ́ ni kí ẹ gbé lọ.

Wọn kò ní fún yín ní káàdì lójú ẹsẹ̀. Bébà fún ìgbà díẹ̀ ni ẹ ó gbà, káàdì á wá tẹ̀ lé e nínú lẹ́tà. Bí ó bá dé, tí ti inú fóònù kò sì yí padà, ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ tún fi í síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ dúró de káàdì náà ná o, torí fóònù á fẹ́ ya iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀.

Ṣé ó pọn dandan? Lójú tèmi, òṣìṣẹ́ tó wo èèyàn lẹ́ẹ̀mejì kò tíì tó ohun tó ń gbé èèyàn lọ sí MVA. Ṣùgbọ́n bí kámẹ́rà TSA, àjọ tó ń yẹ èèyàn wò ní pápákọ̀ òfurufú, tó ń fi ojú yín wé fọ́tò, bá ń kọ̀ yín, ẹ lọ. Ẹ tún lè sọ pé ẹ kò fẹ́ kámẹ́rà náà, òṣìṣẹ́ á sì fi ojú ara rẹ̀ yẹ̀ yín wò.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Bí ẹ bá ní ìrìnàjò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ má tíì lọ sí MVA. TSA kì í gba bébà ìgbà díẹ̀ yẹn. Bí ẹ bá sì ti lọ kí ẹ tó ka èyí, ẹ mú pásípọ́ọ̀tù dání, ìbáà jẹ́ ti Amẹ́ríkà tàbí ti Nàìjíríà.