Àpótí Ìmọ̀: Aago Wo Ni Kọ̀ǹpútà Oníprósẹ́sọ̀ Púpọ̀ Lè Gbára Lé?

Aago tó yá kà jù nínú kọ̀ǹpútà kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ gbára lé. TSC, òǹkà tí Intel fi sínú Pentium ní 1993, yá kà púpọ̀, ṣùgbọ́n prósẹ́sọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Lórí AMD Athlon 64 X2 tó jáde ní 2005, bí prósẹ́sọ̀ kan bá dín eré kù láti ṣọ́ iná lò, òǹkà rẹ̀ á rẹ̀yìn. Ètò tó bá ṣí láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì lè rí i pé àkókò ń padà sẹ́yìn. Aago tí kíkà rẹ̀ ń falẹ̀ sàn jùyẹn lọ.

Irú aago bẹ́ẹ̀ ni HPET àti aago ACPI: wọ́n wà lóde prósẹ́sọ̀, nítorí náà ẹyọ kan ni gbogbo prósẹ́sọ̀ jọ ń wò. Lóòótọ́, kíkà wọ́n ń falẹ̀. Ẹlòmíràn á ní TSC òde òní kì í yí eré padà mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n eré kan náà kò sọ pé òǹkà méjì jọ gbéra, pàápàá níbi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì prósẹ́sọ̀ bá ti pọ̀. Ìdí nìyí tí Linux fi ń fi aago mìíràn ṣọ́ TSC lórí àwọn kọ̀ǹpútà kan, tó sì ń rọ̀ ọ́ lóyè bó bá ṣìnà.