Ẹ̀kọ́ Nípa Ìgbọ́ràn àti Ọ̀rọ̀ Sísọ ní Yunifásítì

Bí a bá pe ọmọ lẹ́ẹ̀mẹta tí kò dáhùn, ohun tí àwọn àgbà máa ń wí ni pé kò gbọ́ràn. Ìtumọ̀ méjì ni ọ̀rọ̀ yìí ní, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó sì ti jẹgba nítorí èyí tí kì í ṣe tirẹ̀. Nínú ariwo ọkọ̀ àti ẹ̀rọ amúnáwá ọjà Ìkòtún, ìyá tí ń tajà lè má tètè mọ̀ pé etí ọmọ òun ni kò dá ṣáṣá.

Iṣẹ́ àwọn tí ń yẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wò ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1948, ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí ní ẹ̀ka tí ó wà fún ẹ̀kọ́ àkànṣe. Ọmọ Ìkòtún tí ó bá lọ síbẹ̀ yóò kọ́ nípa ìlù etí àti egungun kéékèèké mẹ́ta tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, nípa ọ̀fun, ahọ́n àti ọpọlọ. Yóò kọ́ bí èdè ti ń dàgbà lẹ́nu ìkókó, bí a ti í ran akólòlò lọ́wọ́, àti bí àrùn rọpárọsẹ̀ ti lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbàlagbà láìgba ọgbọ́n orí rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ìwé náà dálé. Gẹ̀ẹ́sì kò ní gb, kì í sì í fi ohùn ya igbá, igba àti ìgbà sọ́tọ̀. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ ní láti mọ èdè Yorùbá dájú. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, ọ̀fun ni ó ń gbé gbogbo wọn jáde, ìró wọn sì nípọn. Ṣùgbọ́n èémí tín-ín-rín láti ẹnu ni s, ṣ àti f. Ọmọ tí etí rẹ̀ kò gba ìró tín-ín-rín yóò ṣì máa gbọ́ ohùn orúkọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti ń gbọ́ ìlù dùndún, yóò sì yíjú. Baba rẹ̀ yóò búra pé ó ń gbọ́; bẹ́ẹ̀ ni sá, ṣá àti fá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan náà létí rẹ̀! Ẹni tí kò bá fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dán ọmọ wò lè má rí àìsàn náà.

Èéyi, àrùn yínrùnyínrùn, àti kí ara àti ojú ọmọ tuntun máa pọ́n jù, wà lára ohun tí í ba etí jẹ́. Bí ọmọ bá pé ọdún méjì tí kò tí ì lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, bí “gbé mi”, kí òbí má ṣe dúró mọ́. Ilé-ìwòsàn ìjọba Alimosho wà ní Ìgàndo nítòsí, wọn yóò sì júwe ibi tí ó kàn.

Ní Ìlú Ọba, oyè àkọ́kọ́ lè tó fún ẹni tí yóò máa tọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ. Ní Amẹ́ríkà, oyè kejì ni wọ́n ń bèèrè. Ní Nàìjíríà, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ kan wà tí ń forúkọ irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, òbí sì lè bèèrè ìwé ẹ̀rí náà kí ó tó fi ọmọ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.