Sí Àkànní, kí ó tó tún wọ bàtà eré

Gateshead,
Ìparí oṣù kẹta.

Àkànní ọmọ àbúrò mi,

Mo rí ohun tí o kọ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo sì bá ọ yọ̀ pé orúkọ rẹ wà lára àwọn tí wọ́n mú fún Great North Run ti oṣù kẹsàn-án. Ọ̀pọ̀ ló forúkọ sílẹ̀ tí tiwọn kò jáde. Alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni ìyá rẹ pè mí láti Ìbàdàn pé kí n bá ọ sọ̀rọ̀ kí o yọwọ́. Ó ní ẹni ọdún 41 tó ń wa mọ́tò lọ ra búrẹ́dì ní ìkángun àdúgbò, kí ló fẹ́ fi eré kìlómítà 21 ṣe? Mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán. N kò ní bá a dá ọ dúró. Fídíò tí o yà ní Burgess Park ni mo bá wá, èyí tí o ti ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, tí o sì dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ọwọ́ lórí orúnkún.

Eré yẹn ti yá jù. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́ láti kékeré, bí n kò bá sọ ìdí rẹ̀ o kò ní gbà.

Bí ẹni tí kò sáré rí bá bẹ̀rẹ̀, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ló kọ́kọ́ ń mọ́ lára. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èémí á ti máa lọ geere. Àmọ́ iṣan tó so ẹran mọ́ egungun, àti egungun fúnra rẹ̀, oṣù lóṣù ni tiwọn. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dé inú irú iṣan bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè le. Ibi tí ewu wà gan-an nìyẹn: tó bá di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà, àyà rẹ á máa sọ fún ọ pé o ti di akíkanjú, nígbà tí ojúgun àti gìgísẹ̀ kò tíì ṣe tán. Ìgbà tí ara bá ń yá gágá ni ọ̀pọ̀ ń fara pa, wọn kì í sábà fara pa lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìwọ tó ń jókòó wa bọ́ọ̀sì láti àárọ̀ dalẹ́, ẹsẹ̀ rẹ nílò sùúrù ju ti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ lọ.

Nítorí náà, pa ìrìn pọ̀ mọ́ eré. NHS ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Couch to 5K, ọ̀fẹ́ ni lórí fóònù. Ọ̀sẹ̀ 9 ni, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, wàá kọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú 5 rìn kánkán, lẹ́yìn náà wàá sáré fún ìṣẹ́jú kan, wàá rìn fún ìṣẹ́jú kan àbọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wàá máa ṣe é títí ìṣẹ́jú 20 á fi pé. Má fi rẹ́rìn-ín. Jeff Galloway, ọmọ Amẹ́ríkà tó sáré 10,000 mítà nínú Olympics ọdún 1972, ìrìn àti eré tí a pa pọ̀ yìí ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀ olùkọ́ni, ó sì fi kọ́ àwọn tó fẹ́ sá odindi máratọ́ọ̀nù pàápàá. Bí o bá rìn ní ọjọ́ eré, kò sẹ́ni tí yóò gba àmì ẹ̀yẹ lọ́rùn rẹ.

Báwo lo ṣe máa mọ̀ pé eré rẹ kò yá jù? Ki oríkì rẹ, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tí ìyá rẹ máa ń parí rẹ̀ sí. Bí o bá ní láti dúró mí hẹlẹhẹlẹ kí o tó délà kejì, dẹ̀rọ̀. Bí àwọn ọmọdé bá ń fi ọ́ sílẹ̀ lọ, jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Mo tún fẹ́ kí o máa dé parkrun ní Burgess Park yẹn kan náà, ní aago 9 àárọ̀ Sátidé. Kìlómítà 5 ni, ẹnikẹ́ni kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ, wọ́n sì máa ń yan ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó rìn lẹ́yìn gbogbo èèyàn, kí ẹlòmíì má baà ṣe ìkẹyìn. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ wọ́n níyà. Ṣé o rántí pé Sátidé náà ni òwàm̀bẹ̀ Peckham? Lọ sí tìrẹ, ṣùgbọ́n eré àárọ̀ ni kó kọ́kọ́ wáyé.

Ọ̀rọ̀ ara ńkọ́? Bàbá wa ní ẹ̀jẹ̀ ríru, èmi náà ń lo oògùn rẹ̀, ìyá rẹ sì mọ tirẹ̀. Kì í ṣe ohun tí à ń fojú rí. Ní England, ẹni tó bá ti pé ọdún 40 lè lọ sí ọ̀pọ̀ ilé oògùn kí wọ́n wọ̀n ọ́n fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Genotype rẹ tún jẹ́ AS, gẹ́gẹ́ bíi ti nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà. AS kò ní kí o má sáré, àmọ́ eré àsápajúdé nínú oòrùn, lára ẹni tí eré kò tíì mọ́ lára, ti gbé AS ṣubú rí, àwọn mìíràn sì kú. Sọ ọ́ fún dókítà rẹ. Bí àyà bá ń dùn ọ́ tàbí òòyì bá ń kọ́ ọ, dúró lójú ẹsẹ̀.

Ti ẹsẹ̀ yàtọ̀. Bí gbogbo itan bá ń ro ọ́ lọ́jọ́ kejì, kò sí nǹkan tó ṣe é, á lọ láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n bí ojú kan bá wà lórí ojúgun tí o fi ìka tẹ̀ tí o sì pariwo, má sáré lé e lórí. Lọ rí ẹni tó mọ̀ nípa egungun.

Bó o bá ṣe bí mo ṣe wí, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà á bá ọ lórí kìlómítà 5. Láti ibẹ̀, ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ni kí o máa fi sá eré gígùn, kí eré tó kù kúrú. Má fi ohun tó ju kìlómítà kan àbọ̀ kún ti ọjọ́ gígùn náà lẹ́ẹ̀kan, kí o sì máa dín in kù ní gbogbo ọ̀sẹ̀ kẹrin kí ara lè rí àyè tún ara rẹ̀ ṣe. Kìlómítà 10 ní àárín oṣù keje, 16 tàbí 17 ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí eré tó dé, lẹ́yìn náà kí o máa sọ ọ́ kalẹ̀. O kò nílò láti sá 21 kí ọjọ́ tó pé.

Bàtà: ra èyí tó fi àyè àtàǹpàkò kan sílẹ̀ níwájú ọmọ ìka ẹsẹ̀, torí ẹsẹ̀ máa ń wú lójú eré. Má wo iye owó rẹ̀. Fi Vaseline sí itan àti orí ọmú, wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nígbà tó o bá wẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, iyán lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú eré gígùn dára púpọ̀, àní àmàlà pàápàá. Òwúrọ̀ ọjọ́ eré kọ́ ni ìgbà ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín tàbí ọbẹ̀ olóròóró, ikùn rẹ á dójú tì ọ́. Jẹ búrẹ́dì tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ní nǹkan bí wákàtí méjì sí mẹ́ta ṣáájú. Tí eré bá ti fẹ́ kọjá wákàtí kan àbọ̀, ṣúgà tí ara fi pamọ́ á máa tán lọ, nítorí náà kó ohun dídùn dání, kí o sì ti jẹ irú rẹ̀ rí nígbà tí ò ń kọ́ eré. Òùngbẹ ni kó máa sọ ìgbà tó o máa mu omi. Omi àmujù a máa mú iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì ti pa àwọn asáré.

Ọ̀nà eré náà, ìtòsí mi ló ń gbà kọjá. Ọdún 1981 ni Brendan Foster dá a sílẹ̀, láti Newcastle ni wọ́n sì ń gbéra lọ sí South Shields. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀, èrò ń pariwo, lẹ́yìn náà ni Tyne Bridge, orí ẹni tí kò ṣọ́ra á wú, á sì ná gbogbo agbára rẹ̀ síbẹ̀. John Reid Road ló ń gba owó náà padà, lẹ́yìn máìlì 10, òkè tí kò ga lójú ṣùgbọ́n tí kì í tán. Rìn níbẹ̀ bí o bá fẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ibi tó dà gẹ́rẹ́ lọ sétí òkun, níbẹ̀ ni kí o ti ṣọ́ orúnkún rẹ, máìlì tó kù sì tẹ́jú títí dé òpin. Asáré Mo Farah jáwé olúborí níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà léraléra, láti 2014 sí 2019. Kì í ṣe òun lò ń bá díje. Bí o bá fi wákàtí mẹ́ta dé South Shields, o ti ṣe é.

Yàrá rẹ wà nílẹ̀ láti ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ eré náà. Àǹtí rẹ ti ní òun ló máa gúnyán.

Ṣùgbọ́n lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ lọ́sẹ̀ yìí, kí o sì fi iye tí wọ́n kọ fún ọ ránṣẹ́ sí mi kí o tó tún jáde lọ sáré.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ.