Kámẹ́rà Ya Àwòrán 100, Kọ̀ǹpútà Gba 35: Níbo Ni Ìyókù Wà?

Ìbéèrè: Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ omi sínú ìgò ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tà. Àwọn ìdérí kan máa ń wọ́, mo sì fẹ́ rí bí ẹ̀rọ ṣe ń dé wọn. Mo ṣètò kámẹ́rà pé tí sẹ́ńsọ̀ bá ti rí ìgò, kó ya àwòrán 100 léraléra. Ṣùgbọ́n 35 tàbí 36 ni mo ń bá nínú kọ̀ǹpútà. Ṣé kámẹ́rà ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má fòyà, ó jọ pé kò sóhun tó ṣe kámẹ́rà yín. Ẹ ti sọ iye tí ẹ fẹ́, ohun tó dé ọwọ́ yín ni kò pé. Ó sì tọ́ kó yà yín lẹ́nu. Nọ́ńbà méjì ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀kan ṣoṣo lẹ sì yí.

Ti àkọ́kọ́ wà nínú kámẹ́rà. AcquisitionBurstFrameCount ni ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ilé-iṣẹ́ ń pè é: iye àwòrán tó máa yà nígbà tí sẹ́ńsọ̀ bá ta á lólobó lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn lẹ ti fi sí 100. Ìkejì wà lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà: iye bọ́fà, àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nínú mẹ́mọ́rì láti fi gba àwòrán. Nínú pylon, sọ́fítíwíà ilé-iṣẹ́ Basler tó ń ṣe kámẹ́rà, 10 ni tí ẹ kò bá yí i.

Ẹ wo ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì 10 lọ síbi ẹ̀rọ omi tí wọn kì í pa. Tó bá ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ dà sílé kó tó gbé e padà, omi á máa dà nù. Kẹ́ẹ̀gì ni bọ́fà, omi ni àwòrán, ilé sì ni dísìkì.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní àwòrán yín jẹ́ píkísẹ́lì 1920 ní ìbú, 1200 lóòró, dúdú àti funfun: nǹkan bíi 2.3 MB ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí kámẹ́rà bá ń ya 160 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò ní pé ìdá méjì nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá tí 100 á fi parí. Bí kíkọ ẹyọ kan sí dísìkì bá gba mílísẹ́kọ́ńdì 25, bíi 25 lẹ máa rí kọ láàárín àkókò yẹn. Ẹ fi 10 tó wà nínú bọ́fà kún un: 35 náà nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ sọ bọ́fà di 110. Bíi 250 MB ló máa gbà nínú mẹ́mọ́rì, kò tó nǹkan. Ẹ jẹ́ kí ètò yín kọ́kọ́ gba gbogbo àwòrán, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wọ́n sí dísìkì. Kíkọ náà á gba bí ìṣẹ́jú àáyá 2.5, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìgò mìíràn ta kámẹ́rà lólobó kó tó parí. Bí sọ́fítíwíà yín bá ní StreamBufferHandlingMode (bí ó ṣe ń mú àwòrán nínú bọ́fà), OldestFirst ni kẹ́ ẹ yàn. NewestOnly á da àwọn tó pẹ́ nù, bó ti wù kí bọ́fà pọ̀ tó.

Ní ti wáyà, USB 3.0 lè gbé àwòrán 160 yẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá jẹ́ Gigabit Ethernet ni, kò lè ju nǹkan bí 50 irú àwòrán yìí lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo nọ́ńbà tí kámẹ́rà fi sára àwòrán kọ̀ọ̀kan. Bó bá fò láti 12 sí 16, mẹ́ta ti sọnù lójú ọ̀nà. Bó bá tò léra láìfò, tí kò sì pé 100, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ni kò yà á pé. Ẹ tún ètò sẹ́ńsọ̀ wò, kí ẹ sì kọ̀wé sí wa padà.